Èkejì Ni Ti Ọ̀nà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí awakọ̀ ọ̀nà jíjìn jẹ́, ẹ má wulẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ lórí sítiárì. Ẹ ní kó ṣí àpótí tó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀ fún yín. Ohun tó kó síbẹ̀ kó tó kúrò ní gáréèjì ni yóò sọ ohun tó ní lọ́kàn fún ara rẹ̀, àti fún ẹni tí kò mọ̀ rí tí yóò bá lójú ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo di dírẹ́bà, mo wakọ̀ láti Èjìgbò dé Àbíjàn títí irun orí mi fi funfun. Àwọn ọmọ tó ń wa bọ́ọ̀sì báyìí ló ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn náà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín: àánú ojú ọ̀nà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń di ẹrù.

Ẹni tí kò mọ Èjìgbò lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló pa ìlú tó wà láàárín Ogbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo pọ̀ mọ́ etí òkun Ivory Coast. Àwọn èèyàn wa ló pa á pọ̀. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni àwọn ọmọ Èjìgbò, Masífà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn abúlé tó yí wa ká ti ń ṣòwò lọ́hùn-ún. Lónìí, ẹ ó rí ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville ní Àbíjàn tó wá kí ìyá-ìyá rẹ̀ nílé, tí Faransé ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ẹ ó rí ẹni tó ń ṣẹ́ owó sẹfà nínú ìlú tí kò ní bọ́dà kankan nítòsí. Bí ẹnìkan bá kú ní Àbíjàn, Èjìgbò ni wọ́n ti ń sunkún. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọdún Òrìṣà Ògìyán nílé, àwọn ará Àbíjàn á ti máa bi wá pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ máa gbéra. Ọkọ̀ ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Láti Èkó sí Àbíjàn nìkan lé ní 1,000 kìlómítà, kí a tó fi Èjìgbò sí Èkó kún un. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni, bọ́dà mẹ́rin: Sẹ̀mẹ̀, Hilakondji, Aflao, Elubo. Ayé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ tún le ju tèmi lọ. Ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Gánà kò sì kúrò lọ́wọ́ òsì títí di oṣù kẹjọ ọdún 1974, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni Dahomey (tí à ń pè ní Benin báyìí), Tógò àti Ivory Coast ń gbà ní tiwọn. Awakọ̀ á kúrò lósì bọ́ sí ọ̀tún ní Sẹ̀mẹ̀, á padà sí òsì ní Aflao, á tún bọ́ sí ọ̀tún lẹ́yìn Elubo. Èdè ń yí, owó ń yí, ọwọ́ tí à ń gbà pàápàá ń yí. Irin tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kì í yí.

Ọ̀gá mi wà lára àwọn tó kó èèyàn wa wálé nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì ní Gánà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, tó ní kí ẹni tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ẹrù ga lórí ọkọ̀ débi pé ìdúró ọkọ̀ ń dẹ́rù bani, táyà ń bẹ́ bí ẹni ń yìnbọn. Túùbù tán lọ́jà. Ohun tí àwọn awakọ̀ ń ṣe ni pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú pátápátá á tú táyà àti túùbù rẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ ṣì ń lọ, á sì bá a wọlé pẹ̀lú àwọn èrò tí ó bá lè gbà. Ọkọ̀ kan kú, ó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ gbé ọkọ̀ mìíràn délé. Nígbà tí ọ̀gá mi bá ń sọ èyí, kì í sọ ọ́ bí ìtàn akọni. Ó ń kọ́ mi ní bí a ṣe ń di àpótí ni.

Òun ló fi òfin kan lé mi lọ́wọ́ tí n kò rí irú rẹ̀ nínú ìwé kankan: èkínní tìrẹ, èkejì ti ọ̀nà. Bí o bá ra fáànbẹ́ẹ̀tì, ra méjì. Kọ́ńtáàtì méjì, kọ́ìlì méjì, họ́ọ̀sì rédíétọ̀ méjì. Èkínní ni èyí tí o máa lò bí tìrẹ bá bàjẹ́. Èkejì ti kúrò ní tìrẹ láti ìgbà tí o ti sanwó rẹ̀ ní Gate n'Ìbàdàn. Ó kàn ń bá ọ rìn títí ẹni tó ni ín á fi yọ sí ọ ni. Mo rò ó títí kí ó tó yé mi. Ẹni tó ní fáànbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tó kó èrò sẹ́yìn, tó wá yọ ọ́ fún ẹlòmíràn, a lè yìn ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn èrò rẹ̀ ló fi tọrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ẹyọ kan tí kò fún ni, a kò lè bú u. Àwọn méjèèjì ti bọ́ sínú ìdààmú tí kò lọ́nà àbáyọ, ìdí rẹ̀ sì ni pé wọn kò ra èkejì. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àpótí lọrùn awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àpótí náà láyé Peugeot 504. Kọ́ńtáàtì, kọndẹ́ńsà, kọ́ìlì, plọ́ọ̀gì, fáànbẹ́ẹ̀tì, họ́ọ̀sì, fúúsì, gílóòbù iná iwájú, wáyà, ògbólógbòó túùbù tí a ti là, àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ọṣẹ yìí kì í ṣe fún aṣọ. Bí òkúta bá ta tó lu táǹkì epo, ẹ ó rẹ́ ọṣẹ, ẹ ó pò ó títí yóò fi rọ̀, ẹ ó fi dí ojú ihò náà. Omi ló ń yọ́ ọṣẹ, bẹntiróòlù kì í yọ́ ọ, nítorí náà á mú un títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Túùbù tí a là, òun la fi ń so họ́ọ̀sì tó bẹ́. Bí ojú kọ́ńtáàtì bá jó dúdú, ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná tí à ń ṣá iná sí la fi ń ha á. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n òòbẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ dé Àbíjàn. Àdán ojúlówó ló ń gbé e dé.

Ohun tó jẹ́ kí èkejì yẹn wúlò ni pé ọkọ̀ gbogbo wa jọra. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, irú rẹ̀ kan náà ló sì kún Kútọnu, Lomé àti Àbíjàn. Bẹ́ẹ̀tì tí mo rà n'Ìbàdàn á wọ ọkọ̀ tó kú sí Aneho láìfipá. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé àwọn awakọ̀ àtijọ́ láàánú ju ti ìsinsìnyí lọ, mo máa ń rán wọn létí èyí. Àánú wà, ṣùgbọ́n ohun tí a lè fi ṣàánú náà wà. Ẹ̀bùn tí kò bá ọkọ̀ mu, ẹrù ni fún ẹni tí a fún.

Lálẹ́ ọjọ́ kan a ti kọjá afárá Sogakope lórí odò Fólítà, à ń lọ sí Àkírà, mo rí ẹ̀ka igi tútù lójú títì. Àmì nìyẹn pé ọkọ̀ wà níwájú tí kò lè lọ. Peugeot tó ní nọ́ńbà Tógò ni. Dírẹ́bà rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tèmi nígbà náà kò ju ti bọ́dà lọ. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kàn gbé bẹ́ẹ̀tì tó já sókè sínú iná ọkọ̀ mi, etí rẹ̀ ti dán, òwú inú rẹ̀ ti hàn síta. Mo mú èkejì jáde. A dẹ bóòtì tó mú jẹnẹrétọ̀ iná ọkọ̀, a tì í wọlé, a fi bẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ, a fà á padà, mo fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́ẹ̀tì náà láàárín. Bí ó bá le jù, á jẹ bẹ́rììnì; bí ó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀, ọkọ̀ á sì gbóná. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́, ó mi orí. Ó na owó sẹfà sí mi, mo mú iye tí mo rà á, mo dá ìyókù padà. Ó ń bi mí ní ibi tí òun ti lè rí mi. Mo fọwọ́ júwe pé kó má wá mi.

N kò rí i mọ́ láyé. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, kọ́ìlì mi kú láàárín Noé àti Aboisso, nínú òjò, mo sì ti lo èyí tó jẹ́ tèmi àti èyí tó jẹ́ ti ọ̀nà. Ará Ivory Coast kan tó ń bọ̀ láti Àbíjàn ló dúró, ó yọ kọ́ìlì fún mi. Nígbà tí mo fẹ́ máa dúpẹ́ jù, ó ní ará Málì kan ló ti fún òun náà ní nǹkan rí, òun kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bí èsúsú tí ẹnikẹ́ni kò mọ olórí rẹ̀ ni gbèsè ojú ọ̀nà: ẹni tí o san fún kọ́ ni ẹni tí yóò kó fún ọ. A máa ń pa á lówe pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nílé, òótọ́ ni. Lójú ọ̀nà, mo rò pé ọpẹ́ kì í padà sẹ́yìn. Iwájú ló máa ń lọ, ẹni tí o ràn lọ́wọ́ ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwọ kò ní mọ̀.

Ti owó ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni ìwà ti máa ń yọ. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á san iye tí a ra páàtì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní, a ó bá a wọ̀ ọ́, a ó lọ. Mo mọ ẹnìkan tó rí bọ́ọ̀sì àwọn ìyá oníṣòwò lóru, tó ta họ́ọ̀sì fún wọn ní ìlọ́po iye tó rà á, nítorí ó rí i pé ọmọdé ń sunkún nínú ọkọ̀ náà. Ìròyìn ti dé Èjìgbò kí òun tó dé. Ẹnikẹ́ni kò lù ú, ẹgbẹ́ kò bu owó ìtanràn lé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá tọrọ jáàkì, jáàkì gbogbo gáréèjì á ti bàjẹ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ó ru ú títí ó fi fi ọ̀nà náà sílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn tó ń fi òkúta sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí ó ń dùn mí. Ewé tútù tí à ń já sójú títì máa ń rọ, mọ́tò á fọ́ ọ, atẹ́gùn á gbá a lọ. Òkúta tí a fi ti táyà kì í lọ. Èèyàn á gba ìrànlọ́wọ́ tán, á ṣáná sọ́kọ̀, á fi òkúta ńlá sílẹ̀ lójú títì nínú òkùnkùn fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1977, wọ́n bá wa jà gan-an lórí èyí. Nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988, wọ́n ní kí oníkálùkù ní àmì onígun mẹ́ta. Mo fara mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ òkúta ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Lójú tèmi, ẹni tó gba páàtì tó sì fi òkúta sílẹ̀ kò tíì san gbèsè rẹ̀, kódà bó sanwó.

Ayé ti wá yí, n kò sì ní bá a jà. Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ wọlé. Àwọn adigunjalè mọ̀ pé awakọ̀ Èjìgbò máa ń dúró, wọ́n sì fi ìwà yẹn dẹ pàkúté: wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á fi obìnrin dúró sétí títì. Igún ṣoore igún pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. A sin àwọn kan tí kò ṣẹ̀ ju pé wọ́n tẹ bíréèkì. N kò ní dá awakọ̀ tó kó èrò lóru lẹ́bi bí kò bá dúró. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, nígbà tó dé ibi táwọn ọlọ́pàá wà, tàbí abúlé tó kàn, ǹjẹ́ ó sọ fún wọn pé ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn? Ẹni tí kò lè dúró lè jíṣẹ́. Ẹ̀rù kò ba ẹnu.

Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ọkọ̀ tó kú ní Ouidah, olówó rẹ̀ á ti gbọ́ n'Ékòó kí ẹ́ńjìnì tó tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Ṣé ẹ ti pe ilé?" Bí wọ́n bá ní àwọn ti pè, ó ti lọ nìyẹn. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè á sùn ní bọ́dà kí ó tó dé. Ẹni tí káàdì fóònù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn Elubo, kò tilẹ̀ ní ilé tó lè pè.

Èyí tó ṣòro jù ni pé ọkọ̀ kò jọra mọ́. Bọ́ọ̀sì mẹ́wàá ní gáréèjì kan lè jẹ́ oríṣi mẹ́wàá, sẹ́ńsọ̀ àti bírénìbọ́ọ̀kìsì ló ń darí wọn. Ọmọ kan tí mo mọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kú ní ìtòsí Takoradi. Iná pupa kan ló tàn níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnì sì kọ̀. Awakọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dúró, kò sí èyí tó ní ohun tó bá ọkọ̀ náà mu. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò ni wọ́n nílò, kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pín àwọn ìyá àti ọmọdé sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n fi okùn fà á dé ìlú, ẹnìkan sì dúró tì í di òwúrọ̀. Ọmọ náà sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ran òun lọ́wọ́, pé wọ́n kàn fa òun ni. Mo ní kó tún un rò.

Ohun tó ń bí mi nínú kì í ṣe pé sẹ́ńsọ̀ kò ṣeé yá ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọmọ wa fi sẹ́ńsọ̀ ṣe àwáwí, wọn kò kó ohunkóhun mọ́. Àpótí ti kúrò lábẹ́ ìjókòó. Gálọ́ọ̀nù àti ẹrù tí wọ́n ń gbà lówó lọ́wọ́ olówó ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ okùn ìfàkọ̀ ò mọ irú ọkọ̀. Omi ò mọ̀ ọ́n. Fúúsì kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ táyà tó jò ni a lè fi rọ́bà dí, kí a sì fi pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ fẹ́ ẹ. Jáàkì tó lágbára, tọ́ọ̀ṣì, wáyà tí a fi ń pín iná bátìrì, igi tí a fi ń gbé jáàkì lórí ẹrẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ṣì ṣeé kó ní méjì-méjì. Igi gangànran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó jáde nílé láìkó nǹkan ti pinnu ní Èjìgbò pé òun kò ní ran ẹni tí òun máa bá ní Aboisso lọ́wọ́. Nígbà tó bá ń wí fún onítọ̀hún pé "Ọ̀gá, ẹ má bínú, kò sí lọ́wọ́ mi," òótọ́ ló ń sọ, òótọ́ náà sì ti pẹ́.

Àwọn bọ́dà kan kò tún jẹ́ kó rọrùn. Bí wọ́n bá rí bẹ́ẹ̀tì tuntun méjì nínú páálí, wọn á ní ọjà ni, kí o sanwó rẹ̀. Àwa a máa yọ ọ́ kúrò nínú páálí, a máa fi gíríìsì kùn ún díẹ̀. Ìwé ìbánigbófò aláwọ̀ búráùn tí ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982 dára. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó ń bá ni sanwó fún ẹni tí a ṣe léṣe. Ì bá wù mí kí irú òye bẹ́ẹ̀ wà fún àpótí awakọ̀, kí ẹni tó wà ní bọ́dà mọ̀ pé páàtì méjì kì í ṣe òwò.

Ní 2014, ìjọba márààrún fọwọ́ sí àdéhùn pé wọ́n máa la ọ̀nà márosẹ̀ ńlá láti Àbíjàn dé Èkó. Inú mi dùn sí i. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Lórí títì tóóró tí a ń gbà, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ń rí ara wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí awakọ̀ tó ti ń sún mọ́ ilé lè kó èyí tó kù nínú àpótí rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ: òun kò nílò rẹ̀ mọ́, ọ̀nà onítọ̀hún sì ṣì gùn. Kọ́ìlì tí mo gbà nínú òjò lọ́jọ́ sí náà, ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì ni mo ti rí i. Bí wọ́n bá fi ògiri pín títì sí méjì, ẹni tó ń bọ̀ lè rí mi kó má lè dé ọ̀dọ̀ mi. Kí àwọn tó ń ya àwòrán ọ̀nà náà fi àlàfo sílẹ̀ nínú ògiri yẹn, kí wọ́n sì fi ibi ìdúró tó gùn tó bọ́ọ̀sì méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ̀ kan.

Kó tó di ìgbà náà, bọ́dà mẹ́rin ṣì wà tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, wọ́n fẹ́ ni o, wọn kò fẹ́ ni o. Mo ti bá àwọn ọmọ gáréèjì wa sọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ń bọ̀ wálé bọ́ sílẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, kó wá bọ́ọ̀sì Èjìgbò tó ń lọ, kó kó èkejì rẹ̀ fún un. Díẹ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyókù ní àwọn ń kánjú, pé ìlà bọ́dà gùn. Mo sọ fún wọn pé ìlà náà gan-an ni àkókò rẹ̀.